Omi Lítà Kan: Àkọsílẹ̀ Ọ̀rọ̀ Ìyá Kan Láti Tógò ní Àdúgbò Wa ní Àkúrẹ́

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ní àsìkò òjò ọdún 2025, mo bá ìyá kan lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí òun àti ọkọ rẹ̀ gbà ní ilé kejì sí tiwa, lẹ́bàá Òkè-Àró ní Àkúrẹ́. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́rìnlá, lé itan, ó sì ń fi ṣíbí da oògùn sí i lẹ́nu. Ọmọ náà ń yí ojú kúrò. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ẹkún tó ń sun kò sì mú omijé wá mọ́. Inú ife rọ́bà pupa kan, irú èyí tí a fi ń mu ẹ̀kọ, ni wọ́n po oògùn náà sí, nígbà tí mo sì wo inú rẹ̀, mo rí ìyẹ̀fun funfun tí kò yọ́ tán tó dì sí ìsàlẹ̀. Mo fi ìka kàn án, mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ débi pé mo tu ú dànù lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rá ORS, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí a fi ń dá omi padà sára, ni wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn alábọ́dé ní àná ọjọ́ náà, nítorí pé ọmọ ń ṣu gbuuru. Odidi ọ̀rá kan ni a máa ń da sínú omi mímọ́ lítà kan, tí a óò máa fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀, tí a óò sì da èyí tó bá kù nù bí wákàtí mẹ́rìnlélógún bá ti pé. Bí omi bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, oògùn tó yẹ kó dá omi padà sára ọmọ ni yóò tún máa fa èyí tó kù lára rẹ̀, iyọ̀ yóò pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, gìrì sì lè gbé ọmọ. Ìyá yìí ti da odidi ọ̀rá kan sínú ife kan ṣoṣo. Ohun tó kó ọmọ náà yọ ni pé ó ń tu púpọ̀ jù nínú rẹ̀ jáde.

Mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ ọ́ sẹ́yìn, a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá padà sí ilé ìwòsàn náà. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ẹni àná, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n ra omi píọ̀ wọ́tà méjì wá láti ẹnu géètì. Ìdajì lítà ni ó wà nínú ọ̀rá omi kọ̀ọ̀kan. A tú méjèèjì sínú ìkòkò níwájú ìyá ọmọ, a da ọ̀rá oògùn kan sí i, a sì gbé ṣíbí lé e lọ́wọ́ kó rò ó fúnra rẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àìkú, ọmọ náà ti ń rá kiri inú ilé, ó sì ń ju ṣíbí kan náà mọ́lẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti máa bá a mú un. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé àdúgbò wa, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nítorí ohun tí àwa ará àdúgbò sọ lẹ́yìn rẹ̀, tó sì fẹ́ di òfin.

Bí àṣìṣe náà ṣe wáyé ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀. Ọkọ obìnrin yìí ń lẹ táìsì, iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ pé àwọn ará Tógò mọ̀ dunjú, kì í sì í sí nílé láti àárọ̀ títí di alẹ́. Òun gbọ́ Yorùbá tó fi ń bá oníṣẹ́ dúnàádúrà. Ìyàwó ń gbọ́ Éwé, èdè abínibí wọn, àti Faransé, Yorùbá rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń ra ata lọ. Nítorí náà, bí ohunkóhun bá ti kan ìwé tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba, àkọ́bí wọn, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni wọ́n ń mú kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ kó wá ṣe ògbufọ̀. Òun ló tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.

Mo pe ọmọ náà jókòó, mo bi í ní ohun tí nọ́ọ̀sì wí. Ó kọ́kọ́ ń sunkún, ó rò pé mo fẹ́ nà án. Lẹ́yìn náà ó ní, “Màámi, nọ́ọ̀sì ní lítà kan. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe lítà ní èdè wa. Mo wá sọ fún ìyá mi pé ife omi kan.” Nígbà tó yá, tí èmi àti ìyá rẹ̀ ti lè gbọ́ ara wa yé díẹ̀, ìyá náà sọ èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ó ní òun fi etí ara òun gbọ́ “lítà” lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ Faransé ni. Lítà ni wọ́n fi ń wọn kẹrosíìnì àti epo pupa fún òun láti kékeré. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò wo òun. Ọmọ ni ó kọjú sí, ọmọ ni ó ń bá sọ̀rọ̀, nígbà tí ọmọ sì yí padà tó ní ife kan, òun rò pé ohun tí Yorùbá ń pè ní lítà nìyẹn.

Àgbàlagbà kan jókòó síbẹ̀ tó mọ ọ̀rọ̀ náà, tó bí ọmọ náà, tí yóò po oògùn náà, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè. Mi ò sọ èyí láti dá nọ́ọ̀sì lẹ́bi nìkan. Mo ti gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú obìnrin yìí fún ọdún mẹ́ta, ìgbà gbogbo tí mo bá sì ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni èmi náà ń pè.

Ìpàdé oṣooṣù wa bọ́ sí Sátidé tó tẹ̀lé e. Bàbá alága gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́ tòótọ́, nítorí ó fẹ́ràn ọmọdé. Ó dábàá pé láti ìgbà náà lọ, onílé kankan kò gbọdọ̀ gba ayálégbé tí kò bá gbọ́ Yorùbá, àti pé kí a fún àwọn tó ti wà nílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà kí wọ́n fi kọ́ ọ. Ó ní ọmọ òun obìnrin jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Jámánì, Jámánì kò sì bá a ṣe àwàdà: kò lè fọwọ́ kan aláìsàn níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì títí tó fi yege ìdánwò èdè wọn ní ìpele B2, ìkẹrin nínú ìpele mẹ́fà. “Bí ọmọ wa bá lè kọ́ tiwọn,” ni bàbá wí, “kí ló dé tí àwọn tó wá bá wa kò lè kọ́ tiwa?” Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn kígbe pé ẹni tó bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, kó di ìkúùkù, gbogbo wa sì mọ òwe náà.

Mo dìde, mo sì béèrè lọ́wọ́ bàbá alága, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kó sọ fún ìpàdé bí ọmọ rẹ̀ ṣe kọ́ èdè náà. Olódodo ni bàbá, kò sì fi ohunkóhun pamọ́. Ọmọ náà sanwó olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù ní Èkó, ilé ìwòsàn tó gbà á síṣẹ́ sì san ìyókù lẹ́yìn tó débẹ̀, wọ́n tún fún un ní ọjọ́ kíláàsì nínú ọ̀sẹ̀ iṣẹ́. Láti ọdún 2005 ni Jámánì ti ní ètò kan fún àwọn tó ń ṣí wọ ìlú wọn: ẹgbẹ̀ta ìdánilẹ́kọ̀ọ́ (600) fún èdè, ọgọ́rùn-ún (100) mìíràn fún òfin, ìtàn àti àṣà, ìjọba sì ń bá akẹ́kọ̀ọ́ gbé nínú owó rẹ̀. Ẹni tó bá wá fẹ́ di ọmọ ìlú yóò dáhùn ìbéèrè 33, yóò sì gbà ó kéré tán 17. Wọ́n ń béèrè nǹkan tó le, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé tábìlì kalẹ̀, wọ́n gbé àga sí i, wọ́n sì gba olùkọ́. Àwa fẹ́ béèrè láìgbé àpótí kan kalẹ̀.

Mo tún mú ti Québec wá, ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń gbèjà èdè Faransé ju bí ọ̀pọ̀ ìlú ṣe ń gbèjà tiwọn lọ. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2022 ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa fi Faransé nìkan bá àlejò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tó bá wọ ìlú. Oṣù mẹ́fà náà ni bàbá alága pè. Síbẹ̀, òfin náà yọ ọ̀rọ̀ ìlera sílẹ̀. Àwọn tó le koko tó bẹ́ẹ̀ lórí èdè wọn mọ̀ pé kì í ṣe orí ibùsùn aláìsàn ni a ti ń dán ènìyàn wò bóyá ó gbọ́ èdè.

Lẹ́yìn mi ni bàbá kan dìde, ẹni tó dàgbà jù nínú ìpàdé wa, tí kì í sábà sọ̀rọ̀. Kumasi ní Ghana ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń tajà níbẹ̀, òun náà sì gbọ́ Twi, èdè ibẹ̀, ju Yorùbá lọ títí tó fi tó ọmọ ogún ọdún. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana lábẹ́ Busia, olórí ìjọba wọn nígbà náà, pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ti wà níbẹ̀ láti ìran dé ìran sì padà wálé pẹ̀lú ohun tí wọ́n lè gbé lórí. Ó ní, “Twi ni mo fi ń ná ọjà, Twi ni mo fi ń lá àlá. Ẹni tó wá lé wa, Twi ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ mi dáadáa.” Lẹ́yìn náà ó jókòó. Fún ìgbà díẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ohun tí bàbá yìí wí ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà, nítorí pé ó tako ohun tí èmi pàápàá máa ń gbàgbọ́, pé bí àlejò bá sáà ti gbọ́ èdè onílé, ara onílé yóò gbà á. Èdè ṣe pàtàkì, ó sì wúlò fún àlejò ju fún onílé lọ. Òun ló ń jẹ́ kó lè po oògùn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàmọ́ra jẹ́ nǹkan mìíràn, ọwọ́ onílé ni ó sì wà. Kò dára kí a fi ọ̀kan ṣe èlé lórí ìkejì.

Ohun kan tún wà tí mo sọ ní ìpàdé tí kò dùn mọ́ àwọn kan nínú. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọkùnrin ògbufọ̀ yìí ń lọ, owó ìtanràn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ fánákúlà, Yorùbá sì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ní àárín ìlú Àkúrẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún bàbá alága ló ń sanwó ilé-ẹ̀kọ́ irú rẹ̀, tí wọ́n sì ń yọ̀ pé ọmọ wọn kò gbọ́ Yorùbá tó jinlẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, Àkúrẹ́ yìí ni ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti pàdé, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i pé kí a fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí tàbí ti àdúgbò kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ nílé-ẹ̀kọ́. Ibo ni a fẹ́ kí ọmọ àlejò ti kọ́ ọ? Ojú títì ni ọmọ yìí ti kọ́ gbogbo Yorùbá tó mọ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

A kò dìbò lọ́jọ́ náà. A sún àbá náà síwájú, wọ́n sì sọ fún mi pé, níwọ̀n bí èmi ti jẹ́ olùkọ́, kí n wá nǹkan ṣe sí i. Mo gbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ni a ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Obìnrin mẹ́rin ló kọ́kọ́ wá: ìyá ọmọ wa, àwọn méjì tí ọkọ wọn wá láti Benue láti ṣiṣẹ́ oko, àti ọmọbìnrin kan láti Cotonou tó ń ránṣọ. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú a, b, d lójú pátákó, bí mo ṣe máa ń ṣe fún ọmọ kíláàsì kìíní, kíákíá ni mo sì rí i pé oorun ń kùn wọ́n. Àwọn méjì láti Benue kò padà wá. Ẹ̀bi mi ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo pa pátákó tì, mo sì bi àwọn tó kù pé kí ni wọ́n nílò lọ́la. Ìyá ọmọ wa mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ rẹ̀ jáde nínú àpò. Láti ọjọ́ náà, káàdì yẹn ni ìwé wa.

Ó yà mí lẹ́nu bí ohùn èdè wa ṣe tètè yé e. Igba, igbá, ìgbà: ó gbọ́ ìyàtọ̀ wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé Éwé náà ń fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. “Gb” tí òyìnbó kì í lè pè kò ni í lára rárá, torí wọ́n ní in. Ìyàtọ̀ “o” àti “ẹ” tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, Faransé ló fi mú un. Òun náà kọ́ mi pé “akpe” ni wọ́n fi ń dúpẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo pè é tán, nítorí pé ohun tí wọ́n ń kọ ní “kp” ni àwa ń kọ ní “p” lásán, mo sì ti ń pe ohùn náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi láìmọ̀. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé Yorùbá wo gan-an ni kí òun kọ́, torí ìyá onílé wọn, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé, ń pe ilé ní “ulé”, ó sì ń pe iṣu ní “uṣu”, èmi sì ń kọ́ òun ní ohun mìíràn. Mo ní kó máa gbọ́ ti ìyá, kó máa sọ tèmi. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ìdáhùn náà tọ́.

Ibẹ̀ náà ni mo ti mọ orúkọ rẹ̀. “Àgànyìn” ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èmi náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé owó ìmọ́tótó ẹgbẹ́ wa fún ọdún mẹ́ta. Orúkọ tí àwọn Éwé ń fún ọmọ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí wọ́n bí i sínú ọ̀sẹ̀ ni tirẹ̀, bí àwa náà ṣe ń pe ọmọ ní Abọ́sẹ̀dé. Mo fi gègé pa “Àgànyìn” rẹ́ nínú ìwé náà, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ó sì ní kí n jẹ́ kí òun rí i. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó tún sọ fún mi pé àwọn àgbà wọn a máa sọ ọ́ nínú ìtàn pé Kétu ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣí kí wọ́n tó dé Notsé ní Tógò. Kétu tiwa. Mo sọ èyí fún bàbá alága, ó dákẹ́, ó ní, “Ṣé Kétu Aláketu?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà náà ni ó ti máa ń dúró kí obìnrin náà kí òun tán kó tó kọjá.

Ní oṣù Kẹwàá, ó dá lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ tó yẹ kí ọmọ gbà ní oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó ti pẹ́ díẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ wà ní kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó dé, ó sọ fún mi gbogbo ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì sọ, ọ̀kan tẹ̀lé ìkejì: bí ara ọmọ bá gbóná, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí òun fi nù ún, kí òun fún un ní oògùn ibà níwọ̀n tí wọ́n sọ, kí òun má ṣe fọwọ́ pa ojú abẹ́rẹ́. Ó ní ìgbà tí òun kò gbọ́ ọ̀kan, òun sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ, ẹ wo mi.” Ó yẹ kó jẹ́ “ẹ wò mí”. Mi ò tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí a kò rí ojútùú sí. Ọmọ rẹ̀ àárín, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bá fi Éwé bi í. Ìyá àgbà wọn ní Tógò máa ń pè ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, fóònù náà a sì máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà gbà á, ó ní, “Ẹ kú alẹ́, Mọ́mì àgbà,” ó sì ń sọ ohun tó jẹ lọ ràì, ẹni tó wà lódì kejì kò sì gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá bá mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Yorùbá ni ó fi sọ ọ́, ó sì lọ́ra kó má bàa ṣì í: “Màámi, ẹ ti kọ́ mi. Ta ni yóò wá kọ́ ọmọ mi ní tèmi?” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni a yàn. Láti ọ̀sẹ̀ yìí, ní ọjọ́bọ̀ọjọ́bọ̀, bí èmi àti ìyá bá jókòó sí apá kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú káàdì wa, òun àti àbúrò rẹ̀ á jókòó sí apá kejì, á gbé ife rọ́bà pupa náà sókè, á sì bi í ní Éwé pé kí ni omi ń jẹ́.